À Ń Sunkún, À Ń Ríran: Fíìmù Orfeu Negro àti Ẹwà Tí Kì Í Pẹ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ènìyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Òwe yìí kò sọ pé kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ má sunkún. Kò sì sọ pé kí ó kọ́kọ́ nu omijé rẹ̀ tán kí ó tó wo ayé. Ohun tí ó ń sọ ni pé omijé àti ìran lè jọ wà nínú ojú kan náà, kí ọ̀kan má sì dí èkejì lọ́wọ́. Díẹ̀ ni iṣẹ́ ọnà tí ó mú òwe yìí ṣẹ tó fíìmù Orfeu Negro, èyí tí Marcel Camus, ọmọ ilẹ̀ Faransé, darí ní ìlú Rio de Janeiro lórílẹ̀-èdè Bràsíìlì, tí ó sì jáde ní ọdún 1959. Ìtumọ̀ orúkọ fíìmù náà ni “Orfeu Aláwọ̀ Dúdú”. Ní ọdún tí ó jáde gan-an ni ó gba àmì ẹ̀yẹ Palme d'Or ní Cannes. Nígbà tí ó di 1960, ó gba Oscar ti fíìmù ilẹ̀ òkèèrè tí ó dára jù lọ.

Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí tí wọ́n ti ṣe fíìmù náà. Èdè Potogí ni wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, ìtàn ilẹ̀ Gíríìkì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ọmọ Faransé sì ni olùdarí rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lè béèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Ó kàn wọ́n gidigidi. Ní ibi tí ó gbóná jù nínú fíìmù náà, nígbà tí olórí ẹ̀dá-ìtàn ń wá ẹni tí ikú mú lọ, ibi ìsìn àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí a kó lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà ni ẹsẹ̀ gbé e dé, kì í ṣe ọ̀run àwọn Gíríìkì. Ibẹ̀ ni ó ti pàdánù olólùfẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ibẹ̀ náà sì ni ẹni tí ó bá dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá ti lè rí ohun tí ẹlòmíràn yóò gbójú fò dá.

Ìtàn Àtijọ́ ní Ìlú Tuntun

Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, Orpheus jẹ́ olórin tí ẹranko àti igi pàápàá máa ń dúró gbọ́ ohùn rẹ̀. Ejò ṣán ìyàwó rẹ̀, Eurydice, ó sì kú. Orpheus gbé ohun èlò orin rẹ̀, ó lọ bá ọba àwọn òkú ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, ó sì kọrin títí ọkàn ọba náà fi rọ̀. Wọ́n ní kí ó máa mú ìyàwó rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn wò ó títí wọn yóò fi dé ayé. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ni ó bojú wẹ̀yìn. Obìnrin náà sì pòórá.

Akéwì ọmọ Bràsíìlì kan, Vinicius de Moraes, ni ó mú ìtàn yìí kúrò ní ilẹ̀ Gíríìkì wá sí orí òkè tí àwọn tálákà aláwọ̀ dúdú ń gbé ní Rio. Ó fi kọ eré-oníṣe kan, ó pe orúkọ rẹ̀ ní Orfeu da Conceição. Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré náà ní gbọ̀ngàn Theatro Municipal ní Rio. Àwọn òṣèré aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kópa nínú rẹ̀. Antônio Carlos Jobim ni ó ṣe orin rẹ̀. Oscar Niemeyer, gbajúgbajà ayàwòrán ilé, ni ó sì ṣe ọ̀ṣọ́ orí ìtàgé. Ọ̀kan lára àwọn òṣèré wọ̀nyí ni Abdias do Nascimento, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ eré Teatro Experimental do Negro sílẹ̀ ní 1944. Abdias yìí kan náà ni ó wá kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ láàárín 1976 sí 1977, ilé-ẹ̀kọ́ tí à ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Okùn tí ó so ìtàn yìí mọ́ ilẹ̀ Yorùbá lè tẹ́ẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò já.

Láti inú eré-oníṣe yẹn ni Camus ti fa fíìmù tirẹ̀ yọ. Orfeu inú fíìmù kì í ṣe ọmọ òrìṣà. Òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin inú ìgboro ni, tí ń ta gìtá, tí ń kọrin. Breno Mello, agbábọ́ọ̀lù tí kò ṣe eré rí, ni wọ́n fi ṣe é. Marpessa Dawn, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti ń gbé ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe Eurydice. Ẹni tí ó ṣe Ikú ni Adhemar Ferreira da Silva, ọmọ Bràsíìlì tí ó gba àmì ẹ̀yẹ wúrà nínú fífò onígbésẹ̀ mẹ́ta ní ìdíje Òlíńpíìkì 1952 àti 1956. Nígbà tí a bá rí Ikú tí ó ń fò fẹ̀rẹ̀ láti orí ògiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún, ara asáré-ìje tòótọ́ ni à ń wò. Fún Yorùbá tí ó mọ Ikú sí ẹni tí ń rìn, tí ń kan ilẹ̀kùn, tí ń mú kùmọ̀ dání, kò sí ohun àjèjì nínú rẹ̀.

Ọ̀sán, Òru àti Òwúrọ̀

Ìtàn inú fíìmù náà kò gùn. Ọjọ́ tí ó ṣáájú Kànífà ni ó bẹ̀rẹ̀. Kànífà ni àríyá ìgboro ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Bràsíìlì kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó wọlé, irú èyí tí àwọn Àgùdà tí wọ́n padà bọ̀ láti Bràsíìlì mú wá sí Erékùṣù Èkó. Ọmọbìnrin ará oko kan, Eurydice, fi ọkọ̀ ojú omi dé Rio. Ó ń sá fún ọkùnrin kan tí ó gbà pé ó fẹ́ pa òun, ó sì ń lọ fara pa mọ́ sọ́dọ̀ Serafina, ìbátan rẹ̀ tí ń gbé lórí òkè. Ọkọ̀ tí Orfeu ń bá ṣiṣẹ́ ni ó wọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́kọ́ rí ara wọn.

Orfeu ti ní àfẹ́sọ́nà, Mira ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n jọ lọ forúkọ ìgbéyàwó sílẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé tí wọ́n bá níbẹ̀ gbọ́ pé Orfeu ni orúkọ ọkọ, ó fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé a jẹ́ pé Eurydice ni orúkọ ìyàwó nìyẹn. Inú Mira ru. Kò mọ ẹnikẹ́ni tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owú ti wọ̀ ọ́ lára kí ó tó fojú kan orogún. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, owó tí Orfeu gbà níbi iṣẹ́ kò bá òrùka ìyàwó lọ. Gìtá rẹ̀ tí ó ti fi dógò ni ó lọ fi gbà padà. Nínú ìṣẹ̀lẹ̀ kékeré yìí ni gbogbo ìwà Orfeu ti hàn kedere. Orin ni ó ń ṣíwájú, ètò ilé ń bọ̀ lẹ́yìn.

Àwọn ọmọdékùnrin méjì, Benedito àti Zeca, kì í fi Orfeu sílẹ̀. Ó ti sọ fún wọn pé gìtá òun ni ó ń mú oòrùn yọ ní àràárọ̀, wọ́n sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Wọ́n rí i tí a kọ ọ́ sí ara gìtá náà pé Orfeu ni ọ̀gá. Orfeu fi yé wọn pé Orfeu kan ti wà ṣáájú òun, òmíràn sì lè wà lẹ́yìn òun. Àwàdà lásán ni ọ̀rọ̀ náà dà bí. Ìgbà tí fíìmù bá fẹ́ parí ni òǹwòran yóò tó mọ̀ pé kì í ṣe àwàdà.

Orfeu àti Eurydice pàdé lórí òkè, ìfẹ́ sì wọlé tọ̀ wọ́n. Àkókò tí wọ́n ní kò ju òru kan àti àríyá kan lọ. Ní ọjọ́ Kànífà, Serafina bọ́ aṣọ ijó rẹ̀ fún Eurydice kí òun lè ráyè dúró ti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ tí ó jẹ́ atukọ̀. Eurydice fi ìbòjú bo ojú, ó ń bá Orfeu jó láàárín èrò, Mira kò sì mọ̀. Òǹwòran mọ̀, inú rẹ̀ ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà á. Nígbà tí Mira rí Serafina láàárín àwọn tí ń wòran, ó mọ̀ pé wọ́n ti dá òun lọ́gbọ́n. Ó já ìbòjú náà kúrò. Eurydice sá, Ikú sì tẹ̀ lé e.

Inú ilé tí wọ́n ń gbé àwọn ọkọ̀ ojú irin sí lálẹ́ ni eré ìje náà parí sí. Ilẹ̀ ti ṣú, Eurydice gbá wáyà iná mú, ó rọ̀ dirodiro níbẹ̀. Orfeu wọ inú òkùnkùn náà, ó ń pè é. Ó wá tan iná. Iná tí ó tàn yẹn ni ó gba inú wáyà kọjá, tí ó sì pa Eurydice. Ọwọ́ tí ó wá gbà á là ni ó ṣekú pa á. Kí òǹwòran fi èyí sọ́kàn: Orfeu fẹ́ ríran, ìmọ́lẹ̀ tí ó fi fẹ́ ríran ni ó sì mú olólùfẹ́ rẹ̀ lọ. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́. Ìgbà kejì ń bọ̀.

Ohùn Tí Kò Mú Ojú Wá

Wọ́n sọ fún Orfeu pé Eurydice ti kú, kò gbà. Ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń wá àwọn tí ó sọnù. Òru ni, ibẹ̀ sì dá páropáro. Agbálẹ̀ kan ṣoṣo ni ó bá níbẹ̀, láàárín òkítì ìwé. Ọkùnrin náà fi yé e pé ìwé nìkan ni ó wà níbẹ̀, kò sí ènìyàn. Òǹwòran tí ó bá ti tò sórí ìlà rí ní ọ́fíìsì ìjọba, tí wọ́n ní kí ó lọ kí ó padà wá, kò nílò àlàyé lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n àánú Orfeu ṣe agbálẹ̀ náà. Ó mú un sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn kan tí ó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ó sì mú un lọ sí ẹnu ọ̀nà kan tí ajá ń ṣọ́. Orúkọ ajá náà ni Cerberus, orúkọ ajá tí ń ṣọ́ ọ̀run nínú ìtàn àwọn Gíríìkì.

Ohun tí ó wà nínú ilé náà ni ìsìn tí àwọn ará Rio ń pè ní Macumba. Àdàlù ni ìsìn yìí. Ti Yorùbá wà nínú rẹ̀, ti àwọn ará Kóńgò àti Àǹgólà wà nínú rẹ̀, ti ìjọ Kátólíìkì náà wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá yára pariwo pé tiwa ni gbogbo rẹ̀. Kò sì yẹ kí ó ṣe bí àlejò níbẹ̀. Orúkọ Ògún, Ṣàngó àti Yemọja ṣì wà lẹ́nu àwọn ará Bràsíìlì títí di òní. Bí òrìṣà ti ń gun ẹlẹ́gùn nílé ni ó ń gun ọmọ òrìṣà lọ́hùn-ún. Ní erékùṣù Itaparica ní Bahia, ìsìn Egúngún kò parun.

Wọ́n ní kí Orfeu kọrin, kí ó fi orin pe olólùfẹ́ rẹ̀. Ó kọrin. Lẹ́yìn rẹ̀, ohùn Eurydice dáhùn. Ohùn náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe yíjú padà, nítorí bí ó bá wo òun, yóò pàdánù òun títí láé. Orfeu kò lè fara dà á. Ó yíjú. Ìyá arúgbó kan ni ó rí, tí ohùn ọmọge ń ti ẹnu rẹ̀ jáde. Bí ó ti rí i báyìí, Eurydice lọ.

Àwọn Gíríìkì yóò sọ pé èèwọ̀ ni ó rú. Bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni ó sọ pé Eurydice kò sí níbẹ̀? Ó wà níbẹ̀. Ara tí ó yá lò ni kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú Egúngún rí mọ̀ pé a kì í ṣí aṣọ ará ọ̀run wò. Ohùn ni ó ń fi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ohùn náà ni ọmọ fi ń mọ̀ pé baba dé. Nígbà tí wọ́n bá sì sọ ọmọ tuntun ní Bàbátúndé tàbí Yétúndé, kò sí ẹni tí ń wá irun funfun lórí ìkókó náà. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó lọ lè padà wá pẹ̀lú ojú mìíràn, wọ́n sì gbé e jó. Ọgbọ́n tí Yorùbá fi ń kojú ikú nìyí: kí á lè mọ olólùfẹ́ wa bí kò tilẹ̀ gbé ojú rẹ̀ àtijọ́ wá.

Ọgbọ́n yìí ni Orfeu kò ní. Ojú ni ó ń wá. Ó fẹ́ Eurydice tí ó ti rí lánàá, pẹ̀lú awọ ara rẹ̀ àti ẹ̀rín rẹ̀, kò sì lè gbà á nínú ara arúgbó. Ẹwà tí ó fẹ́ràn kò lè pẹ́. Kódà bí Eurydice kò bá kú lọ́jọ́ yẹn, ọjọ́ ń bọ̀ tí òun náà ì bá di ìyá arúgbó. Nígbà náà ńkọ́? Ṣé Orfeu ì bá mọ̀ ọ́n nígbà tí awọ rẹ̀ bá hunjọ? Fíìmù náà kò dáhùn ìbéèrè yìí, ṣùgbọ́n ó gbé e kalẹ̀ síwájú òǹwòran bí ẹni gbé omi gbígbóná kalẹ̀ sáàárín ilé.

Èyí kò túmọ̀ sí pé òmùgọ̀ ni Orfeu. Yorùbá kan náà tí ó ní a kì í ṣí Egúngún lójú ni ó sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ta ni kò ní yíjú? Ìyá tí ó sìnkú ọmọ rẹ̀, bí ó bá gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀ ní òru, ṣé yóò dúró ṣinṣin kí ó máa wo iwájú? Agbára ibi yìí nínú fíìmù ni pé òǹwòran pàápàá fẹ́ kí Orfeu yíjú. A fẹ́ rí Eurydice. A jọ dá ẹ̀ṣẹ̀ náà ni.

Ṣé Ẹwà Yìí Kì Í Ṣe Irọ́?

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó fẹ́ràn fíìmù náà, ó sì yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkejì. Barack Obama, tí ó di ààrẹ Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, sọ nínú ìwé tí ó kọ ní 1995 nípa ìgbésí ayé rẹ̀ pé ìyá òun fẹ́ràn fíìmù yìí púpọ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó sì mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ara Obama kò lélẹ̀ nígbà tí ó ń wò ó. Ó rí i pé bí wọ́n ṣe gbé aláwọ̀ dúdú kalẹ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀dá tí ń jó, tí ń rẹ́rìn-ín, tí kò mọ̀ ju ìfẹ́ lọ, jẹ́ àlá tí àwọn aláwọ̀ funfun ń lá. Ní Bràsíìlì náà, olùdarí fíìmù Carlos Diegues kò fẹ́ bí Camus ṣe lo ìtàn náà. Ó ṣe Orfeu tirẹ̀ ní 1999, ó fi ìbọn àti àwọn oníṣòwò oògùn olóró sórí òkè náà, Caetano Veloso sì ni ó ṣe orin rẹ̀.

Àríwísí yìí ní ẹsẹ̀ ńlẹ̀. Àwọn ilé pákó orí òkè nínú fíìmù Camus dára jù. Ojú ọ̀run wọn mọ́ jù, òkun wà nísàlẹ̀ bí aṣọ àrán, ẹbi kò sì hàn lójú ẹnikẹ́ni. Tálákà tí ń fi gbogbo ọjọ́ jó kò sí níbì kankan láyé. Olùkọ́ tí yóò bá fi fíìmù náà han ọmọ gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un, kí ọmọ má baà rò pé ìṣẹ́ jẹ́ àríyá.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí i pé ìwọ̀sí kò pa mọ́ tán. Gìtá wà ní ọ̀gọ̀ nítorí pé owó kò tó. Ìwé kún ọ́fíìsì ìjọba, ènìyàn kò sí. Nígbà tí àríyá parí, òkú wà nílé ìgbókùúsí, ẹni tí yóò gbé e kò ní ọkọ̀, apá rẹ̀ ni ó fi gbé e. Kànífà fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Ẹni tí ó fi oṣù méjìlá ṣiṣẹ́ kí ó lè wọ aṣọ ọba fún ọjọ́ mélòó kan mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ pé ẹwà kì í pẹ́. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣẹ́. Nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ni ó ṣe ń jó. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò bá a jiyàn. A kì í tìtorí pé ilẹ̀ yóò mọ́ kí á má ṣe àìsùn.

Ẹ̀kọ́ Wo Ni A Rí Kọ́?

Ibi tí ọ̀rọ̀ kan kíláàsì nìyí. Ìbéèrè kan wà tí olùkọ́ Yorùbá máa ń béèrè lẹ́yìn gbogbo ìtàn, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì ti há ìdáhùn rẹ̀ sórí kí wọ́n tó ka ojú ewé kìn-ín-ní: kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́? Ìdáhùn kì í ju pé kí á má ṣe ojúkòkòrò, kí á má ṣe ìlara, kí á máa gbọ́ràn sí òbí lẹ́nu. Bí wọ́n bá béèrè rẹ̀ lórí Orfeu Negro, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ́ pé “kí á má ṣe já àfẹ́sọ́nà sílẹ̀” àti “owú jíjẹ kò dára”. Olùkọ́ yóò fún un ní máàkì. Fíìmù náà yóò sì kú lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ìbéèrè náà kò burú fún àlọ́ ìjàpá. Kò burú fún ìtàn tí ẹni ibi ń jìyà ní ìparí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ wo ni Eurydice ṣẹ̀ tí ó fi kú? Ó sá kúrò nílé kí ikú má baà pa á, ikú sì pa á. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan tí a lè fà yọ nínú èyí tí kò ní dà bí ìwọ̀sí sí òkú. Ohun tí iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ wa ni pé kí á dúró tì í, kí á bá a sunkún, kí á sì ríran nínú ẹkún náà.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé èyí jẹ́ àṣà òkèèrè. Àwọn baba wa ní irú iṣẹ́ ọnà bẹ́ẹ̀ kí ìwé tó dé. Ẹ jẹ́ kí á wo ẹkún ìyàwó ní agbègbè Ọ̀yọ́. Ọjọ́ ayọ̀ ni ọjọ́ ìgbéyàwó, síbẹ̀ ìyàwó ń sunkún kiri agboolé. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òbí, ó ń dágbére fún ọ̀rẹ́, ó mọ̀ pé ìgbà ọmọge òun ń parí lójú òun. Ẹkún náà kì í ṣe ti ìbànújẹ́ nìkan, kì í sì í ṣe ti ayọ̀ nìkan. Kò sí ẹni tí ń béèrè ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ìyá tí ń gbọ́ ọ ń rántí ọjọ́ tiwọn, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ náà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe ìṣípà ọdẹ fún ẹni tí ó lọ, wọ́n ń kì í, wọ́n ń ṣe àpọ́nlé rẹ̀, wọ́n ń rántí ìrìn rẹ̀ nínú igbó. Òkú kò jí. Orin ni ó kù, orin náà sì dùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti gbọ́ ẹkún ìyàwó pẹ̀lú etí inú kò ní ṣòro fún un láti gbọ́ Orfeu Negro. Ẹni tí ó bá sì wo Orfeu Negro dáadáa lè padà sí ẹkún ìyàwó pẹ̀lú etí tuntun. Ohun tí olùkọ́ lè ṣe ni pé kí ó yí ìbéèrè rẹ̀ padà. Dípò “kí ni ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́?”, ó lè béèrè pé: “Níbo ni ọkàn rẹ ti yí padà nínú ìtàn yìí? Kí ni o rí níbẹ̀? Kí ni o gbọ́?” Ọmọ tí wọ́n bá bi ní irú ìbéèrè yìí yóò ní láti wo fíìmù náà ní ti gidi, nítorí kò sí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé tí wọ́n há sórí.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ó jókòó ní kíláàsì lónìí lè ti sin òbí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè ti kó lọ sí ìlú mìíràn láìdágbére. Ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Bí gbogbo ìtàn tí wọ́n ń kọ́ ọ bá ń sọ fún un pé ẹni tí ó jìyà ni ó dẹ́ṣẹ̀, irọ́ ni wọ́n ń pa fún un nípa ayé rẹ̀. Lítíréṣọ̀ yẹ kí ó lè bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jókòó.

Gìtá Lọ́wọ́ Ọmọdé

Ìparí fíìmù náà ni ó sọ ọ́ di ohun tí a kì í gbàgbé. Orfeu gba òkú Eurydice nílé ìgbókùúsí, ó gbé e sí apá, ó rìn la ìlú kọjá, ó sì gun òkè lọ sílé. Ilé rẹ̀ ti ń jó. Mira, tí ìbínú ti dà lórí rú, sọ òkúta lù ú lórí. Orfeu ṣubú láti etí òkè náà, ó kú pẹ̀lú Eurydice lápá rẹ̀. Bí fíìmù náà bá parí síbẹ̀, àjálù lásán ni ì bá jẹ́.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀, oòrùn kò sì tíì yọ. Benedito bẹ Zeca pé kí ó gbé gìtá náà kí ó ta á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, oòrùn kò ní yọ lónìí. Zeca gbé e, ó ta á. Oòrùn yọ. Ọmọdébìnrin kan wá, ó fún Zeca ní òdòdó funfun kan, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Ọmọ wẹ́wẹ́ wọ̀nyí kò mọ̀ pé kì í ṣe gìtá ni ó mú oòrùn yọ. Òǹwòran mọ̀. Síbẹ̀, ta ni yóò gba gìtá náà lọ́wọ́ wọn? Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Orfeu tí ó fẹ́ ojú Eurydice nìkan pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Zeca tí kò wá ojú ẹnikẹ́ni, tí ó kàn gbé orin náà níbi tí wọ́n gbé e jù sí, òun ni ó pa Orfeu mọ́ sáyé. Ojú ti lọ, ohùn ṣì wà. Ohun tí ó ṣòro fún Orfeu láti gbà nínú ilé ìsìn lóru ni ọmọdé ṣe ní òwúrọ̀ láìmọ̀.

Ní ọdún 2008, Breno Mello kú ní Bràsíìlì, Marpessa Dawn sì kú ní Paris, kò sì tó oṣù méjì tí ó wà láàárín ikú àwọn méjèèjì. Wọ́n ti darúgbó. Ojú tí ayé fẹ́ràn ní 1959 ti hunjọ kí ó tó wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá tan fíìmù náà lálẹ́ òní yóò tún rí wọn lórí òkè náà, níbi tí wọ́n ti ń jó, tí oòrùn sì fẹ́ yọ. Yóò sunkún díẹ̀. Kí ó má ṣe bò ó mọ́lẹ̀, kí ó sì má ṣe tìtorí rẹ̀ di ojú. À ń sunkún, à ń ríran.